Tépù, Bébà àti Sùúrù: Bí Ẹgbẹ́ Àdúgbò Ṣe Lè Mú Káńsù Tún Oríta Kan Ṣe fún Oníkẹ̀kẹ́

Kẹ̀kẹ́ tí à ń sọ níbí, básíkù ni, kì í ṣe Márúwá. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà sì kàn ni ọmọ Yorùbá tó fi Ìlú Ọba ṣe ibùgbé, tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ tàbí tó fẹ́ kí ọmọ òun máa gùn ún lọ sílé ìwé, tí oríta kan tó wà lójú ọ̀nà sì ń bà á lẹ́rù. Káńsù kì í tún oríta ṣe nítorí pé inú ń bí ará àdúgbò. Ohun tó ń mú wọn ṣe é ni kí èèyàn bíi mélòó kan kó ìwọ̀n, òǹkà àti ìlànà tí káńsù fúnra rẹ̀ ń lò síwájú wọn, kí wọ́n má sì fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀ títí wọ́n á fi dáhùn. Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ ni. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó lè gba ọdún méjì.

Ẹ mú ibì kan ṣoṣo

Ìwé ẹ̀bẹ̀ tó ní "a fẹ́ kí gígun kẹ̀kẹ́ rọrùn ládùúgbò wa" kò ní ẹni tó máa takò ó, kò sì ní ẹni tó máa ṣe é. Wọ́n á kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ sí yín, ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀. Ẹ mú oríta kan, tàbí títì kan tí kò gùn ju ìdajì máìlì lọ, tí ẹ lè fi gbólóhùn kan sọ: ibo ni, kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, kí lẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe sí i. Ibi tó dára jù láti fi bẹ̀rẹ̀ ni ibi tí títì méjì tó tura ti fẹ́ pàdé ara wọn, tó jẹ́ pé àárín wọn nìkan ló burú. Bí àárín yẹn bá dára, gbogbo ọ̀nà náà ló dára. Ìbò káńsù ọdún 2014 ní Lọ́ńdọ̀nù ni ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ London Cycling Campaign fi irú ọgbọ́n yìí ṣe: ohun kan péré ni wọ́n ní kí àwọn olùdíje wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ṣèlérí, wọ́n sì dárúkọ ibi tó wà.

Bí ẹgbẹ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí ẹ fẹ́ nǹkan tó máa tètè yọrí kí ọwọ́ èèyàn má baà rọ, ẹ béèrè ibi ìso-kẹ̀kẹ́-mọ́. Irin tí wọ́n tẹ̀ bí ọrun tí wọ́n ń pè ní Sheffield stand gba kẹ̀kẹ́ méjì. Ààyè mítà 1 ló yẹ kó wà láàárín irin kan sí èkejì. Ààyè ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan gba irin márùn-ún, ìyẹn kẹ̀kẹ́ mẹ́wàá. Fún àwọn tó ń gbé fúláàtì, àpótí onílọ́ọ̀kì tí wọ́n ń pè ní hangar ń gba kẹ̀kẹ́ mẹ́fà ní ìwọ̀n ìdajì ààyè ọkọ̀ kan. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbẹ̀ ni kí wọ́n ri irin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri gan-an. Táyà iwájú kò ní lè wọlé, kò sì sẹ́ni tó máa lò ó.

Èèyàn mẹ́fà ti tó

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹgbẹ́ ti wà. London Cycling Campaign, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1978, ní ẹ̀ka káàkiri Lọ́ńdọ̀nù. Spokes ti wà ní Edinburgh láti 1977, Camcycle sì ti wà ní Cambridge láti 1995. Bí ó bá ti wà, ẹ wọ inú rẹ̀ kí ẹ sì gba iṣẹ́ wọ́ọ̀dù tiyín. Ẹgbẹ́ méjì tó ń bá káńsù kan náà sọ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀rín ni wọ́n máa fi wọ́n rín.

Bí kò bá sí, èèyàn márùn-ún sí mẹ́jọ tó. Ẹ wá ẹni tó lè wọn nǹkan kó sì yà á, ẹni tó lè kọ̀wé tí kò gùn, ẹni tó ráyè lọ jókòó nípàdé káńsù lálẹ́, àti akápò. Òfin ẹgbẹ́ tó kún ojú ìwé kan ti tó: orúkọ, ète, bí ẹ ṣe ń yan olóyè, bí owó ṣe ń jáde. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé èèyàn méjì ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí kọ́bọ̀ tó kúrò ní báńkì. Bí ẹ bá máa kó èèyàn jọ gun kẹ̀kẹ́ lójú títì, ẹ forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́ ńlá bíi Cycling UK kí ẹ sì gba ìbánigbófò kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹgbẹ́ tí kò forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, ọrùn àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn ni gbèsè máa ń bọ́ sí. Nípa ímeèlì: BCC, ibi tí ẹnì kan kì í ti rí àdírẹ́sì ẹlòmíràn, ni kí ẹ fi àdírẹ́sì àwọn èèyàn sí. Ẹni tó bá tú àdírẹ́sì igba èèyàn síta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti ba ẹgbẹ́ jẹ́.

Ẹ má kó kìkì akọni tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré jọ. Ìyá tó ń gbé ọmọ méjì sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, aláàárù tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé ẹrù kiri, ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta nítorí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, àwọn wọ̀nyí ló máa sọ ohun tí akọni kò rí. Ẹ lọ bá àwọn ìjọ pẹ̀lú. Ìwádìí kan tí Yunifásítì Roehampton tẹ̀ jáde ní 2013 ka ìjọ àwọn aláwọ̀ dúdú tó 240 ní Southwark nìkan, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wà lágbègbè Old Kent Road. Ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí lọ́jọ́ Ìsinmi ló máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu pásítọ̀. Ẹ lọ jókòó tì í kí káńsù tó gbé àwòrán jáde, kí ẹ sì bi í léèrè iye ọkọ̀ àti wákàtí tí wọ́n fi ń wà níbẹ̀. Bí ẹ bá dúró dìgbà tí ìkéde ti jáde, àtakò ni ẹ máa bá lọ́wọ́ rẹ̀.

Ta ló ni títì náà?

Ìwé tó bá dé ọwọ́ ẹni tí kò ni títì ti ṣòfò. Ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn títì ńlá tó ní ìlà pupa létí jẹ́ ti Transport for London, iléeṣẹ́ ìrìnnà ìlú náà, èyí tó kù sì jẹ́ ti káńsù. Ní Peckham, Old Kent Road àti Peckham High Street wà lọ́wọ́ Transport for London, ṣùgbọ́n Rye Lane tó já sí Peckham High Street wà lọ́wọ́ káńsù Southwark. Oríta tí àwọn méjèèjì ti pàdé, ìwé méjì lẹ máa kọ. Lẹ́yìn Lọ́ńdọ̀nù, ẹ ṣọ́ra fún ibi tí káńsù méjì wà lórí ara wọn. Ní Cambridge, káńsù agbègbè Cambridgeshire ló ni títì, kì í ṣe káńsù ìlú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé káńsù ìlú lo mọ̀ sí orí ìwé owó orí ilé rẹ.

Ẹ wọ̀n ọ́n

Tépù mítà 5 tí káfíńtà ń lò kò tó. Ẹ ra èyí tó gùn tó mítà 30, tó jẹ́ rọ́bà tàbí aṣọ. Ẹ mú ẹfun, bébà, pẹ́ńsù (báírò kì í kọ nínú òjò), àti aṣọ tó ń tàn. Èèyàn méjì á máa wọ̀n, ẹni kẹta kò ní iṣẹ́ méjì ju kó máa wo ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ẹ má fa tépù kọjá títì tí ọkọ̀ ń gbà. Àárọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ Ìsinmi ni kí ẹ lọ, tàbí kí ẹ fi ohun èlò ìwọ̀n Google Maps wọn fífẹ̀ gbogbo títì, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó lè fi bíi ìdajì mítà yà.

Ẹ wọn gbogbo títì láti kọ́ńkéré etí títì kan dé èkejì, kí ẹ wọn ojú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ibi ìrìn ẹlẹ́sẹ̀, àti ọ̀nà kẹ̀kẹ́ bí ó bá wà. Ẹ kọ ibi tí òpó iná, ihò omi àti òpó àmì wà. Ìwé ìlànà tí ẹ máa fi ìwọ̀n yín wé ni LTN 1/20, tí iléeṣẹ́ ètò ìrìnnà tẹ̀ jáde fún England ní oṣù keje 2020. Wales àti Scotland ní tiwọn. Àwọn ìwọ̀n tó wúlò jù nínú rẹ̀ nìyí:

- Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tó ń lọ síbì kan, tí ohun kan yà á kúrò lára ọkọ̀: mítà 2, a kò sì gbọ̀dọ̀ rí i kó dín sí mítà 1.5.
- Èyí tó ń lọ tó tún ń bọ̀: mítà 3, tàbí mítà 2 níbi tí ààyè ti há tí kẹ̀kẹ́ kò sì pọ̀.
- Bí kọ́ńkéré tó ga ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ bá wà létí rẹ̀, ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 20 kún un. Bí ògiri tàbí irin tó ga ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ bá wà níbẹ̀, ẹ fi 50 kún un, nítorí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ máa ń ha nǹkan kí táyà tó dé ibẹ̀.
- Láàárín ọ̀nà kẹ̀kẹ́ àti ọkọ̀ tí wọ́n gbé sílẹ̀: ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 50, nítorí ilẹ̀kùn.
- Láàárín òpó méjì: mítà 1.5. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe òdiwọ̀n gùn ní mítà 2.8, ó sì fẹ̀ ní mítà 1.2. Géètì onígun tí wọ́n fi ń dènà ọ̀kadà, òun náà ló ń dènà ìyá tó gbé ọmọ sínú àpótí kẹ̀kẹ́.

Ìwọ̀n kan wà tó máa ń ya ẹgbẹ́ tuntun lẹ́nu. Ibi tí kẹ̀kẹ́ àti ọkọ̀ bá ti jọ ń lo ojú ọ̀nà kan náà, ìlànà yìí kò gba ojú ọ̀nà tó fẹ̀ láti mítà 3.2 sí 3.9. Ó dà bíi pé ó yẹ kí fífẹ̀ dára, àbí? Ẹ ṣírò rẹ̀. Òfin ojú títì ní kí oníkẹ̀kẹ́ jìnnà sí kọ́ńkéré ní ìdajì mítà ó kéré tán. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ gba nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 sí i lápá ọ̀tún. Láti oṣù kìíní 2022, òfin náà ní kí awakọ̀ tó ń yà kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ fi mítà 1.5 sílẹ̀ fún un, bí eré kò bá ju máìlì 30 ní wákàtí lọ. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 2. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 4.3. Ojú ọ̀nà mítà 3.5 wá fẹ̀ tó láti mú kí awakọ̀ rò pé òun á rí ààyè kọjá, kò sì fẹ̀ tó kó kọjá ní tòótọ́. Ojú ọ̀nà mítà 3 sàn jù ú lọ, nítorí awakọ̀ á rí i pé àfi kí òun dúró. Bí ẹ bá rí ìwọ̀n yìí níbi tiyín, òun ni kí ẹ fi ṣe ìlà àkọ́kọ́ nínú lẹ́tà.

Ẹ kà á

Ẹ kà á lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú tàbí Ọjọ́bọ̀, nígbà tí ilé ìwé kò sí ní ìsinmi, láago méje sí mẹ́wàá àárọ̀ àti láago mẹ́rin sí méje ìrọ̀lẹ́. Ẹ pín bébà sí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ fa òpó kan sórí bébà fún kẹ̀kẹ́ tó wà lójú títì, òmíràn fún kẹ̀kẹ́ tó gba ibi ìrìn ẹlẹ́sẹ̀, òmíràn fún ọmọdé, kí ẹ tó wá pín ọkọ̀ kéékèèké, bọ́ọ̀sì àti tírélà. Òpó kejì yẹn ni gbogbo agbára wà. Bí oníkẹ̀kẹ́ mẹ́rin nínú mẹ́wàá bá ń sá gorí ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń rìn, ẹ ti fi òǹkà sọ pé títì náà ń dẹ́rù bani, kò sí ẹni tó máa ní ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lásán. Ẹ kọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí. Kí ẹnikẹ́ni má kà ju wákàtí kan lọ láìsinmi. Lẹ́yìn wákàtí kan, ojú á máa wò, ọwọ́ kò ní máa fa ìlà mọ́.

LTN 1/20 sọ ọ́ kedere pé títì tí ọkọ̀ tó ń gbà á lójúmọ́ bá ju 2,500 lọ, tí eré sì ju máìlì 20 lọ, ọ̀pọ̀ èèyàn, àgàgà ẹni tó ní ọmọ kékeré, kò ní fọkàn balẹ̀ láti gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀. Wákàtí tí ọkọ̀ pọ̀ jù máa ń tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ọjọ́ kan. Nítorí náà, bí ẹ bá ka ju 250 lọ ní wákàtí yẹn, ẹ ti mọ ibi tí ẹ dúró sí.

Ẹ wo àkọsílẹ̀ ìjàǹbá lórí ìkànnì CrashMap, lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tó fara pa tí ọlọ́pàá sì gbọ́ sí nìkan ló wà níbẹ̀. Káńsù á sọ pé "kò sí ìjàǹbá níbẹ̀ láti ọdún márùn-ún." Ẹ fi òǹkà yín dá wọn lóhùn: ibi tí èèyàn ti ń sá, ìjàǹbá kò lè pọ̀ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń kú sínú odò tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀.

Ohun tí kò sí níta, ẹ fi òfin Freedom of Information ọdún 2000, tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ ìjọba, béèrè rẹ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ 20 ni wọ́n ní láti fèsì. Wọ́n lè kọ̀ bí iṣẹ́ wíwá a bá ju £450 lọ, ìyẹn wákàtí 18, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ béèrè "gbogbo ìwé tó jẹ mọ́ kẹ̀kẹ́". Ẹ dárúkọ oríta, ẹ dárúkọ ọdún, kí ẹ sì béèrè nǹkan mẹ́ta: òǹkà ọkọ̀ tí wọ́n ṣe kẹ́yìn, ìròyìn àyẹ̀wò ààbò títì náà, àti iye ìṣẹ́jú àáyá tí iná aláwọ̀ ewé ń dúró fún apá kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí ẹ máa béèrè ní oríta

Oníkẹ̀kẹ́ tó ń lọ tààrà máa ń bọ́ sí ewu lọ́wọ́ ọkọ̀ tó fẹ́ yà sí òsì níwájú rẹ̀, pàápàá tírélà. Ìlà funfun lásán kò gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ìyẹn. Ọ̀dà aláwọ̀ aró tí wọ́n kùn sójú títì náà kò gbà á. Ẹ béèrè iná tó máa dá àwọn tó fẹ́ yà sí òsì dúró nígbà tí kẹ̀kẹ́ ń kọjá. Níbi tí ààyè bá wà, ẹ fi oríta CYCLOPS hàn wọ́n, irú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí ní Hulme, Manchester, ní 2020: ọ̀nà kẹ̀kẹ́ yí gbogbo oríta po, ibi ìsọdá ẹlẹ́sẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Fún títì kékeré, síbírà (ibi ìsọdá onílà dúdú àti funfun) tó ní apá kẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí òfin ti gbà láyè láti 2016, dínwó ju iná lọ.

Bí ẹ bá máa fi fọ́tò Netherlands ṣe àpẹẹrẹ, ẹ yí i padà bíi ti inú dígí, nítorí ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń wà níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Nàìjíríà náà ti ń ṣe láti 1972. Ẹ ti pàdánù ìdajì ìpàdé bí kánsẹ́lọ̀ bá ń gbìyànjú láti mọ apá ibi tí ọkọ̀ ti ń bọ̀.

Lẹ́tà

Gẹ̀ẹ́sì lẹ máa fi kọ ọ́, kò sì gbọdọ̀ ju ojú ìwé kan lọ. Ìwọ̀n àti òǹkà á wà lẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí àfikún. Ẹ bẹ̀rẹ̀ báyìí: oríta báyìí báyìí, ojú ọ̀nà rẹ̀ fẹ̀ ní mítà 3.5, LTN 1/20 kò gbà á, oníkẹ̀kẹ́ 38 nínú 96 ló gba ibi ẹlẹ́sẹ̀ láàárín wákàtí kan ní ọjọ́ báyìí, a ń fẹ́ nǹkan báyìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká mọ̀ ní ọjọ́ báyìí. (Iye tiyín ni kí ẹ fi síbẹ̀, àpẹẹrẹ nìyí.) Ẹ fi ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó títì, kí ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù náà, ẹgbẹ́ òṣèlú yòówù kí wọ́n wà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ké sí kánsẹ́lọ̀ kan wá síbẹ̀ láago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀. Ẹ wá kẹ̀kẹ́ fún un. Ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ kọjá níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ̀lú bọ́ọ̀sì lẹ́yìn kò nílò àlàyé mọ́. Bí kò bá lè gùn, ẹ jẹ́ kó dúró sórí kọ́ńkéré kó máa wò.

Nígbà tí káńsù bá fi àbá lọ ará ìlú

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń sùn. Wọ́n rò pé iṣẹ́ ti parí nítorí àwòrán ti jáde. Ẹni tí nǹkan tẹ́ lọ́rùn kì í kọ̀wé, ẹni tí wọ́n fẹ́ gba ààyè ọkọ̀ rẹ̀ á kọ mẹ́ta. Ẹ wá èèyàn tó máa kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀, ibi tó ń gbé àti ohun tó ń ṣe é níbẹ̀. Ẹ má pín lẹ́tà kan náà fún ọgọ́rùn-ún èèyàn láti fọwọ́ sí, nítorí káńsù lè ka gbogbo rẹ̀ sí èrò kan ṣoṣo.

Ẹ mọ ọjọ́. Àṣẹ títì tó máa wà títí ń fún ará ìlú ní ọjọ́ 21 láti fi èrò hàn lẹ́yìn tí ìkéde bá jáde nínú ìwé ìròyìn àti lára òpó. Àṣẹ ìdánwò yàtọ̀: wọ́n á kọ́kọ́ ṣe é, ará ìlú á ní oṣù 6 láti sọ tẹnu wọn, kò sì gbọdọ̀ kọjá oṣù 18 kí wọ́n tó pinnu. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ ìdánwò ló máa ń gbóná jù, tí àwọn ọkọ̀ á máa wá ọ̀nà míì, tí ariwo á pọ̀. Ẹ má tẹ òǹkà kankan jáde lákòókò yẹn. Ẹ kà á ní oṣù kẹrin tí ìdánwò náà ti bẹ̀rẹ̀.

Bí káńsù bá ti pinnu kó tó béèrè, tí kò ṣàlàyé ìdí, tí kò fún èèyàn ní àkókò tó tó, tàbí tí kò ka èsì rárá, ìdájọ́ kan wà láti 1985 tó dá lórí káńsù Brent, tó lòdì sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Gunning. Àwọn agbẹjọ́rò káńsù mọ̀ ọ́n dáadáa. Dídárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, ti tó.

Ẹ má retí àbá tuntun ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìbò. Àsìkò yẹn ni kí ẹ lọ bá gbogbo olùdíje. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọdún mẹ́rin-mẹ́rin ni ìbò káńsù: 2018, 2022, 2026. Bí ẹgbẹ́ yín bá ti forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ aláàánú, ẹ kò gbọdọ̀ ní kí èèyàn dìbò fún ẹnikẹ́ni. Ìdáhùn olùdíje kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ tẹ̀ jáde bó ṣe sọ ọ́.

Nígbà tí kọngílá bá dé

Ẹ máa gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ohun tó wà lórí àwòrán àti ohun tí wọ́n dà sílẹ̀ kì í fìgbà gbogbo jọra. Ẹ yẹ ibi tí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ti bọ́ sójú títì wò: ó yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ, nítorí ètè kọ́ńkéré kékeré lásán lè ju táyà tó bá fẹ̀gbẹ́ gorí rẹ̀. Ẹ wò ó bí irin ihò omi bá dojú ìlà rẹ̀ kọ ibi tí táyà ń lọ. Ẹ wo òpó àmì tí wọ́n rì sí àárín ọ̀nà kẹ̀kẹ́. Ó ń ṣẹlẹ̀. Àmì "Cyclists dismount" tí wọ́n gbé kalẹ̀ nígbà iṣẹ́, ẹ bi wọ́n bóyá ọ̀nà tí oníkẹ̀kẹ́ lè gbà láìsọ̀ kò sí. Ẹ ya fọ́tò pẹ̀lú tépù nínú rẹ̀, kí ẹ sì fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ ní ímeèlì kan kí káńsù tó fọwọ́ sí iṣẹ́ náà. Kíkọ́ ọ tún lẹ́yìn tí kọngílá ti gba owó rẹ̀ tó sì ti kó irinṣẹ́ lọ, owó ọ̀tọ̀ ni.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ padà lọ kà á, ní ọjọ́ kan náà nínú ọ̀sẹ̀, ní wákàtí kan náà, pẹ̀lú bébà onílà kan náà. Ẹ kọ́kọ́ wo òpó àwọn tó ń gba ibi ẹlẹ́sẹ̀. Ẹ fi òǹkà àtijọ́ àti tuntun ránṣẹ́ sí kánsẹ́lọ̀ tó gun kẹ̀kẹ́ kọjá níbẹ̀ lọ́jọ́sí, pẹ̀lú orúkọ oríta kejì nísàlẹ̀ lẹ́tà náà.